Ohùn mẹ́ta péré ni, ìjókòó wọn ló ń yàtọ̀: àlàyé kọ́ọ̀dù fún ẹni tó ń kọ́ dùùrù

Ní ọ̀sán Sátidé kan ní Ìgbógbó, lẹ́bàá Ìkòròdú, ọmọkùnrin kan tí mò ń kọ́ ní dùùrù tẹ́ bébà síwájú mi. Ó ti kọ kọ́ọ̀dù mẹ́rin, ìyẹn àwọn ohùn tí a ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, sí i: C, G, Am, F. Ó mọ̀ wọ́n lórí bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Àmọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ń fò láti àárín dùùrù lọ sí ọ̀tún, ó tún ń sáré padà, orin náà sì ń já láti kọ́ọ̀dù kan sí òmíràn bí ọkọ̀ tó ń bọ́ sí kòtò. Ó gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, gbogbo rẹ̀ ni mo tẹ̀ bó ṣe yẹ. Kí ló dé tí kò dún bíi ti rédíò?"

Òótọ́ ló sọ. Kò ṣi ohùn kankan tẹ̀. Ohun tí kò tíì yé e ni ohun tí kì í tètè yé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ dùùrù ládùúgbò wa níbí, láti Ṣábó títí dé Ìjẹ̀dẹ̀: mímọ orúkọ kọ́ọ̀dù yàtọ̀ sí mímọ ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ máa jókòó sí. Voicing ni àwọn olórin ń pè é. Èmi a máa pè é ní ìjókòó ohùn nígbà tí mo bá ń kọ́ ọmọdé, orúkọ náà sì ni mo máa lò níbí.

Kí n tètè yanjú ọ̀rọ̀ kan. Ní ìdí dùùrù, nǹkan méjì ni àwọn ènìyàn ń pè ní kíì. Àwọn kan ń pe ibi tí ìka ń tẹ̀ ní kíì. Àwọn akọrin náà a sì máa bèèrè pé, "Kíì wo la fẹ́ fi kọ ọ́?" Nínú àlàyé yìí, ibi tí ìka ń tẹ̀ ni mo máa pè ní eyín dùùrù, nítorí bó ṣe tò rẹrẹ. Kíì yóò jẹ́ ti akọrin nìkan, ìyẹn ohùn tí a fi ṣe do orin. Dùùrù ńlá ní eyín 88: funfun 52, dúdú 36. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù tí a ń rí nílé ìjọsìn ní eyín 61. Bó ti wù kí eyín pọ̀ tó, ohùn 12 péré ló ń yí po níbẹ̀. Tí ẹ bá ka eyín 12, funfun àti dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e ni ohùn àkọ́kọ́ tó padà dé, tó kàn gòkè sí i.

Ó yá, ẹ gbé ìka lé C, eyín funfun tó wà lápá òsì gẹ́lẹ́ níbi tí eyín dúdú méjì ti dúró pọ̀. Ẹ má ka C fúnra rẹ̀. Ẹ ka eyín mẹ́rin lọ sí ọ̀tún, funfun àti dúdú, láìfo ìkankan: E ni ẹ máa bá. Ẹ tún ka mẹ́ta láti E: G nìyẹn. C, E àti G tí a tẹ̀ pọ̀ ni C major. Tí ẹ bá yí i padà, tí ẹ kọ́kọ́ ka mẹ́ta kí ẹ tó ka mẹ́rin, minor ló máa jáde. Láti A, mẹ́ta gbé wa dé C, mẹ́rin gbé wa dé E, A minor nìyẹn, tí wọ́n ń kọ ní Am. Ẹ tẹ C-E-G lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá sún E sí eyín dúdú tó wà lápá òsì rẹ̀. Ìka kan ṣoṣo ló yẹ̀, ojú ọjọ́ orin náà sì ṣú lójijì. Ohùn tí a bá ní kíkà àkọ́kọ́ yẹn ló ń sọ bóyá inú kọ́ọ̀dù dùn tàbí ó bàjẹ́. Níbikíbi tí ẹ bá gbé e jókòó sí, ẹ má ṣe gbàgbé rẹ̀.

Ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ti mọ gbogbo èyí ní orúkọ mìíràn. Sol-fa, ìyẹn do-re-mi, tí John Curwen tàn káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún 19, tí àwọn míṣọ́nnárì sì gbé káàkiri ilẹ̀ adúláwọ̀, ni ọ̀pọ̀ ìjọ wa ṣì fi ń kọ́ orin dòní. Tí kíì bá jẹ́ C, do-mi-so ni C-E-G. Fa-la-do ni F-A-C. So-ti-re ni G-B-D. La-do-mi ni A-C-E. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí onígìtá ń pariwo "fọ́ọ̀! fọ́ọ̀!" láàárín orin, kọ́ọ̀dù tó bẹ̀rẹ̀ láti fa ló ń bèèrè. Wan ni ti do, fáìfù ni ti so, síìsì ni ti la. Lórí eyín funfun nìkan, kọ́ọ̀dù olóhùn mẹ́ta méje ló wà. Mẹ́ta jẹ́ major (C, F, G), mẹ́ta jẹ́ minor (Dm, Em, Am). Ìkeje bẹ̀rẹ̀ láti B, mẹ́ta àti mẹ́ta ni kíkà rẹ̀, ara rẹ̀ kì í balẹ̀, orin ìgbàlódé kì í sì í sábà dúró lé e lórí. Ẹ lè fi í sílẹ̀ ná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú nìyí. Ìwé sọ pé C-E-G ni C major. Akẹ́kọ̀ọ́ wá gbà pé C gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, kí E wà láàárín, kí G wà lókè, títí ayé. Ẹ fojú inú wo àwọn mẹ́ta tó jókòó lórí ìjókòó kan nínú dáńfó tó gbéra láti Gáréèjì Ìkòròdú sí Máìlì 12. Ìyá oníṣòwò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọmọ iléèwé wà láàárín, bàbá kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n dé Ọ̀gọ̀lọ́ńtò, ọmọ iléèwé ní ooru ń mú òun, wọ́n bá pààrọ̀ ìjókòó. Ṣé èrò tuntun wọlé ni? Àwọn mẹ́ta náà ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni C-E-G, E-G-C àti G-C-E ṣe jẹ́ C major kan náà. Ẹ mú C tó wà nísàlẹ̀, ẹ gbé e lọ sókè: E-G-C nìyẹn. Ẹ tún gbé E tẹ̀ lé e: G-C-E nìyẹn. Ẹ bá gbé G náà lọ, ẹ ti padà sílé, ẹ kàn gòkè sí i ni.

Inversion ni ìwé ń pe pípààrọ̀ ìjókòó yìí, orúkọ náà nìkan sì ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nídìí dùùrù. Mẹ́ta péré ni ìjókòó tí ohùn mẹ́ta lè ní tí wọ́n bá sún mọ́ra nínú ọwọ́ kan. Àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún kò ṣòro láti tò: fún C-E-G, ẹ lo àtàǹpàkò, ìka àárín àti ọmọńdinrín. Bákan náà ni fún G-C-E. E-G-C nìkan ló yàtọ̀, níbẹ̀ ìfábẹ̀lá ló ń tẹ ohùn àárín, nítorí pé àyè tó fẹ̀ jù wà lókè, láàárín G àti C. Tí ẹ bá fi tipátipá lo ìka àárín níbẹ̀, ọwọ́ yín máa rẹ̀ kí orin tó parí.

Nínú dáńfó yẹn, mi ò tíì dárúkọ awakọ̀. Awakọ̀ ni ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tí ọwọ́ òsì ń tẹ̀ tàbí tí onígìtá báàsì ń ta. Mo ti rí àwọn tó ti ń tẹ dùùrù láti ọdún pípẹ́, tí èyí ṣì ń rú wọn lójú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Bí ọwọ́ òsì bá tẹ C nísàlẹ̀, bí ọwọ́ ọ̀tún fẹ́, kó tẹ C-E-G. Bó fẹ́, kó tẹ E-G-C tàbí G-C-E. Etí ẹni tó ń gbọ́ kò ní ka ìkankan sí inversion. C ló di ọkọ̀ mú, C ló ń wà á. Àfi ìgbà tí báàsì fúnra rẹ̀ bá kúrò lórí C, tó lọ sí E tàbí G, ni kọ́ọ̀dù náà tó dorí kodò ní tòótọ́. Ohun tí èyí já sí ni pé ọwọ́ ọ̀tún yín ní òmìnira tí ẹ kò mọ̀ pé ẹ ní. Ó lè yan ìjókòó tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kọ́ọ̀dù kò ní sọ orúkọ rẹ̀ nù.

Báwo wá la ṣe ń yan ìjókòó? Ẹ lọ jókòó síbi tí akọrin ti ń ṣe ìdánrawò orin ìyìn olóhùn mẹ́rin, kí ẹ fi etí sí alto nìkan, ohùn tó tẹ̀ lé ti òkè pátápátá. Ó lè wà lórí so fún ìlà orin kan gbáko. Tó bá tilẹ̀ máa kúrò níbẹ̀, fa tàbí la tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń lọ. Ẹni tó kọ orin náà kò jẹ́ kí alto máa fò bí ẹlẹ́ńgà. Bass ni wọ́n ń fún ní fífò, nítorí òun ló ń gbé ẹsẹ̀ orin. Ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún yín, akọrin mẹ́ta ni wọ́n. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ṣì wà nínú kọ́ọ̀dù tó ń bọ̀, kó dúró síbi tó wà. Ẹni tí tirẹ̀ kò sí níbẹ̀, kó lọ sí èyí tó sún mọ́ ọn jù.

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọ wa. Mo ní kó fi ọwọ́ òsì tẹ C, G, A, F bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ohùn kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ọ̀tún la fẹ́ tún ṣe. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ C rẹ̀ láti E-G-C, kí C wà lókè. Kọ́ọ̀dù tó ń bọ̀ ni G, ohùn rẹ̀ sì ni G, B, D. Mo bi í pé, "Ta ni kò ní kúrò?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "G." Ó dáa. E sún sẹ́yìn sí D, C sún sẹ́yìn sí B. D-G-B ló wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yẹn, G major tó pé pérépéré, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lójú kan. Láti ibẹ̀ lọ sí Am, ohùn kankan kò bá ara mu láàárín kọ́ọ̀dù méjèèjì, nítorí náà gbogbo wọn ló máa ṣí ìdí, àmọ́ díẹ̀díẹ̀: D padà sí E, G lọ sí A, B lọ sí C. E-A-C. Láti Am sí F, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là. A wà nínú F, C náà wà nínú F. E nìkan ló sún sí F tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. F-A-C. Láti ibẹ̀ padà sí C, C lókè dúró, F sọ̀ sí E, A sọ̀ sí G, a sì ti bá ara wa níbi tí a ti gbéra.

A jókòó, a ka ìrìn àwọn ìka rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, tí gbogbo kọ́ọ̀dù ń jókòó bó ṣe wà nínú ìwé, ìka mẹ́ta náà rin eyín 52 kí orin tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Láti C sí G nìkan, gbogbo ìka fo eyín méje lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú èyí tuntun, eyín 12 ni gbogbo ìrìn wọn. Ọmọńdinrín rẹ̀ kò kúrò lórí C bí kò ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ti rédíò fi ń dún bí omi tó ń ṣàn: ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kì í sáré.

Àwọn tó ń tẹ orin ìyìn àti orin háíláìfù, tó jẹ́ wan, fọ́ọ̀, fáìfù ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti C-E-G. F di C-F-A, G di B-D-G. Ẹ máa yí i po títí ẹ kò fi ní wo ọwọ́ mọ́.

Ó ku ibi tí a ti ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́: ìsàlẹ̀ dùùrù. Ẹ tẹ C-E-G ní àárín, ó mọ́ lára. Ẹ gbé e lọ sí òsì pátápátá, ẹ tẹ kọ́ọ̀dù yẹn kan náà, ariwo ọkọ̀ akẹ́rù ni ẹ máa gbọ́. Ẹ̀rọ yín kò bàjẹ́. C àárín dùùrù ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 262 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, E ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ní nǹkan bí 330. Àlàfo tó wà láàárín wọn tó fún etí láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí ẹ bá ka eyín 12 lọ sí òsì lẹ́ẹ̀mejì láti ibẹ̀, C di nǹkan bí 65, E di nǹkan bí 82. Ìyàtọ̀ wọn kò ju 17 lọ, ó sì ṣòro fún etí láti gbọ́ wọn bí ohùn méjì tó dá dúró. Wọ́n ń forí gbárí. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọwọ́ òsì tẹ ohùn mẹ́ta tó há mọ́ra nísàlẹ̀. Ohùn kan tó. Tí ẹ bá fẹ́ kó wúwo, ẹ tẹ C méjì, ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè rẹ̀, tàbí C pẹ̀lú G. Tí onígìtá báàsì bá wà níbẹ̀, ẹ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún un. Ó ń dùn mí gan-an bí mo bá wọ ilé ìjọsìn tí ọwọ́ òsì onídùùrù àti gìtá báàsì ń jà sí ohùn ìsàlẹ̀, tí spíkà ń gbọ̀n, tí ẹni tó ń kọrin kò sì gbọ́ ara rẹ̀.

Ní ti orin tó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìjókòó mìíràn wà tí mo fẹ́ràn jù gbogbo wọn lọ. Ẹ mú ohùn àárín kúrò láàárín. Kí ọwọ́ òsì mú C àti G, kí ọwọ́ ọ̀tún mú E ní òkè wọn. Ohùn mẹ́ta náà ni, ẹnikẹ́ni kò wọlé, àmọ́ àyè ti ṣí sílẹ̀ láàárín wọn, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀. Ẹ dán an wò lálẹ́ nígbà tí àdúgbò bá ti dákẹ́.

Ohùn òkè pátápátá náà tó bẹ́ẹ̀ láti bọ̀wọ̀ fún. Etí àwọn tó ń gbọ́ òun ló máa ń kọ́kọ́ mú, wọ́n á sì kà á sí orin fúnra rẹ̀, bóyá ẹ ní i lọ́kàn tàbí ẹ kò ní i. Tí akọrin bá ń kọ mi lórí C major, tí ẹ sì fẹ́ tì í lẹ́yìn, G-C-E ni ìjókòó tó yẹ, nítorí mi wà lókè. Tó bá ń kọ so, C-E-G. Tó bá ń kọ do, E-G-C. Àmọ́ tí ohùn rẹ̀ bá ti dúró dáadáa, ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kí ohùn òkè yín má ṣe bá a du ojú kan náà. Ẹni tó bá ń lo pẹ́dàlì, kó gbé ẹsẹ̀ kúrò kó sì tún un tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí kọ́ọ̀dù bá yí, kí ohùn tó ti kọjá má baà dàpọ̀ mọ́ èyí tó ń bọ̀.

Lórí bébà, ẹ ó máa rí àmì bíi G/B tàbí C/E. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni kọ́ọ̀dù, lẹ́tà kejì ni báàsì. G/B túmọ̀ sí pé ọwọ́ ọ̀tún tẹ G major ní ìjókòó tó bá wù ú, ọwọ́ òsì tẹ B. Awakọ̀ yí padà nìyẹn, inversion tòótọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi sínú orin ọmọ wa: C, G/B, Am, F. Ọwọ́ ọ̀tún kò yí ohunkóhun padà. Báàsì nìkan ni kò fò mọ́. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, C, B, A, bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ láti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó tó bọ́ sórí F.

Ọ̀pọ̀ onídùùrù wa ló mọ kíì kan ṣoṣo, tí wọ́n ń fi bọ́tìnnì transpose gbé e káàkiri. Ó ń bá wọn ṣiṣẹ́, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá jókòó sídìí dùùrù àtijọ́ tí kò ní bọ́tìnnì, tí àgbà akọrin kan sì ní kíì F lòun fẹ́. Ẹ má bẹ̀rù. Ìrìn àwọn ìka kò yí padà rárá. Orin yẹn kan náà, wan, fáìfù, síìsì, fọ́ọ̀, ní kíì F, di F, C, Dm, B flat. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti A-C-F. C ni kò ní kúrò, àwọn tó kù sún sẹ́yìn: G-C-E. Kí gbogbo wọn wá gòkè díẹ̀: A-D-F. Ní báyìí, ẹ di D àti F mú pinpin, kí ẹ jẹ́ kí àtàǹpàkò nìkan kúrò lórí A, kó gun eyín dúdú tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀. B flat nìyẹn, eyín dúdú kan ṣoṣo tí ọwọ́ ọ̀tún yín máa kàn nínú orin náà.